Géèmù 28 sí 26: Bí Ọmọ Èkó Ṣe Gbé Vilas Ṣubú ní Wimbledon

 Ní Kumasi yìí, ìlú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́nìsì lórí rédíò ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Mo tọrọ àyè náà. A ó padà sí pápá Baba Yara láìpẹ́.

Gbogbo ìgbà tí Wimbledon bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n ni ìbéèrè kan náà máa ń dìde láàárín àwa tí a jọ ń wò ó: ṣé ẹnikẹ́ni láti ìhà ibí yìí ti ṣe bẹbẹ níbẹ̀ rí? Ẹnì kan ti ṣe é. Nduka Odizor lorúkọ rẹ̀. Orúkọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1958, Èkó náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ní oṣù Kẹfà 1983, ní ìpele àkọ́kọ́ gan-an ní Wimbledon, ó pàdé Guillermo Vilas ọmọ Ajẹntínà, ẹni tí àwọn olùṣètò tò sí ipò kẹrin nínú gbogbo àwọn tó wá. Odizor pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gba mẹ́ta tó kù. Bí èsì rẹ̀ ṣe lọ nìyí: 3–6, 5–7, 7–6, 7–5, 6–2.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà méjì làwọn ènìyàn ń gbà ròyìn ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn tó mọ tẹ́nìsì díẹ̀ ní koríko Wimbledon ló lu Vilas, nítorí pé orí amọ̀ pupa ni agbára ọ̀gbẹ́ni náà wà. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èkejì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Vilas. Ó máa ń fi rákẹ́ẹ̀tì họ ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí síwájú bó ṣe ń fò lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí báyìí, afẹ́fẹ́ a máa tì í wálẹ̀. Gustav Magnus, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ti ṣe ìwádìí ipá yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ènìyàn lè gbá bọ́ọ̀lù kó ga ju nẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa, kó sì gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára, síbẹ̀ kó balẹ̀ sínú ìlà. Tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá kan amọ̀, amọ̀ a dì í mú lábẹ́, a sì ta sókè dé èjìká. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, bíi Odizor, tí bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì bá gba ẹ̀gbẹ́ kejì pápá bọ̀, ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa bá, lókè èjìká. Kò sí ibi tó nira láti gbá bọ́ọ̀lù tó ibẹ̀. Ohun tí Vilas fi di ọba nìyẹn: ní 1977 ó gba ife French Open, ó tún gba ti Amẹ́ríkà, torí pé orí amọ̀ ni wọ́n ń gba ti Amẹ́ríkà náà nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọdún 1977 yẹn kan náà ni Vilas ń borí lọ ràì, ìdíje mẹ́rìndínláàádọ́ta léra wọn, títí tó fi pàdé Ilie Nastase ní ìlú Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé. Rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní sìpàgẹ́tì ló wà lọ́wọ́ Nastase. Okùn onípele méjì ni wọ́n so sí i, tí okùn ń yọ̀ lórí ara wọn, tí bọ́ọ̀lù fi ń yí ju bí ojú ti rí rí lọ. Inú bí Vilas, ó fi pápá sílẹ̀ kí ìdíje tó parí. Ọkùnrin tó ń fi yíyí bọ́ọ̀lù jẹun, yíyí bọ́ọ̀lù ló bá a jà! Kò pẹ́ tí àjọ tẹ́nìsì àgbáyé fi òfin de rákẹ́ẹ̀tì náà.

Ká padà sórí koríko. Ewé koríko ń yọ̀. Ó tún jẹ́ pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í dá agbára bọ́ọ̀lù padà bí ilẹ̀ líle ṣe ń dá a padà. Bọ́ọ̀lù tí ì bá ta dé èjìká lórí amọ̀, orí koríko a yọ̀ kọjá, a sì wà nísàlẹ̀, nígbà mìíràn kò ní ga ju orúnkún lọ. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló yí padà o. Òfin ti so bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀: kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 56 lọ, kò gbọ́dọ̀ wúwo ju 59.4 lọ, tí wọ́n bá sì jù ú sílẹ̀ láti òkè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 254 sórí ilẹ̀ líle, ó gbọ́dọ̀ ta padà dé àárín 135 sí 147. Ilẹ̀ tó bà lé ló ń sọ ìyókù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé koríko 1983 yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń wò lónìí. Ní 2001 ni Wimbledon bẹ̀rẹ̀ sí í lo koríko rye nìkan. Kó tó dìgbà náà, àdàlù ni, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ rye, ìyókù sì jẹ́ koríko mìíràn tó rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Djokovic tó dúró sẹ́yìn ìlà lórí koríko, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ gbá a bọ̀ bí ẹni wà lórí sìmẹ́ńtì, ẹ má fi ojú yẹn wo ọjọ́ Odizor. Nígbà náà, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ń wá ìyọnu ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, àwọn tó ní koríko ló ṣe é ti jàre. Ṣùgbọ́n Vilas gba Australian Open ní 1978, ó tún gbà á ní 1979, orí koríko ní Kooyong sì ni méjèèjì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà òṣèré kì í rìnrìn àjò lọ sí Ọsirélíà nígbà yẹn, mi ò ní pọ́n ife náà ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀ ó ti dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Wimbledon fúnra rẹ̀ ní 1975 àti 1976. Koríko kì í ṣe àjèjì sí i. Èyí tó sì pa àlàyé yẹn lẹ́nu mọ́ ni pé sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, Vilas ló gbà wọ́n. Ṣé koríko ò sí lórí pápá nígbà náà ni?

Àwọn mìíràn tún máa ń mẹ́nu ba ọ̀ràn Rotterdam. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Wimbledon tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń darí tẹ́nìsì àwọn ọkùnrin kéde pé Vilas gba owó lábẹ́lẹ̀ kó tó lọ síbi ìdíje kan ní Rotterdam; wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọdún kan, kó sì san 20,000 dọ́là. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Wimbledon. (Ìdádúró náà wọ́n padà wọ́gi lé, owó ìtanràn nìkan ló kù.) Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ọkàn ènìyàn, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn tó dàrú kì í fi sẹ́ẹ̀tì méjì sí òfo ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wo èsì náà fúnra rẹ̀, torí pé ó sọ̀rọ̀ ju àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò géèmù: Odizor gba 28, Vilas gba 26. Nínú géèmù mẹ́rìnléláàádọ́ta, méjì péré ló wà láàárín wọn. Ní sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, Vilas gba 13, Odizor gba 8. Ní mẹ́ta tó kẹ́yìn, Odizor gba 20, Vilas tún gba 13. Ẹ kíyè sí i pé kò fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pàdánù 3–6, ó súnmọ́ ọn ní 5–7, ó yọ ọ́ nípá ní 7–6, ó gba 7–5, ìgbà náà ni nǹkan wá là. Ọkùnrin tó ń wá ọ̀nà ni mo rí nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Bó sì ṣe rí ọ̀nà náà, tàìbúrékì sẹ́ẹ̀tì kẹta ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀: bí Vilas bá gba ìyẹn, ó tán, kí onílé máa lọ sílé.

Ibí yìí ni ìmọ̀ ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà 2024, Roger Federer bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé nínú ìdíje ẹlẹ́nìkan 1,526 tí òun gbá, òun borí nínú nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún; ṣùgbọ́n tí a bá ka póìntì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdá 54 péré lòun gbà. Ẹ gbọ́ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lọ láyé, nínú póìntì ọgọ́rùn-ún, ó pàdánù 46.

Kí ló fà á? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka tẹ́nìsì ni. Bí géèmù bá ti parí, a ti pa gbogbo póìntì rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ìgbà tí ẹ bá ṣe ìṣirò náà dé òpin, ẹni tó bá ń gba póìntì 53 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí ìyípadà, yóò borí ju ìdá 80 lọ nínú ìdíje sẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí ní Kejetia mọ èyí láìsí ìwé: èrè pẹ́séwà díẹ̀ lórí ọlọ́ńkà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́ ilé. Nítorí náà, kò pọn dandan kí Odizor di ẹni tó dára ju Vilas lọ nínú ohun gbogbo. Ohun tó nílò ni kó wá póìntì méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì rí wọn gbà níbi tó ká lára.

Ibo ló ti rí wọn? Ìdáhùn mi ni iwájú nẹ́ẹ̀tì. Odizor jẹ́ irú òṣèré tó máa ń sáàfù, tó sì máa ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà lọ síwájú. Ẹ wo bí àkókò ṣe rí. Pápá gùn ní mítà 23.77 láti ìlà ẹ̀yìn kan dé èkejì. Sáàfù tó bá jáde ní kìlómítà 200 láàárín wákàtí kan, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ti gba nínú agbára rẹ̀. Nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ kí ara ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mira rárá. Ọwọ́ Vilas gùn nígbà tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó nílò àyè láti fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, láti bọ́ sísàlẹ̀, kó tó họ bọ́ọ̀lù lọ sókè. Odizor tó dúró síwájú nẹ́ẹ̀tì ń gba bọ́ọ̀lù náà lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ó ń dá a padà ní ìdajì ọ̀nà. Àkókò tí Vilas fẹ́ fi mí, ó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Koríko tún bọ̀ wá bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ń ṣe láǹfààní. Bọ́ọ̀lù tó bá wà ní orúnkún, Vilas gbọ́dọ̀ gbé e sókè kó tó lè ré nẹ́ẹ̀tì kọjá, bọ́ọ̀lù tó bá sì ń gòkè bọ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ ẹni tó dúró síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í lò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ lójú okùn rákẹ́ẹ̀tì. Kò sí àyè láti tún ìpinnu ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tó ń lọ. Pé ọwọ́ Odizor mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà jẹ́rìí sí i: ó gba ife ẹlẹ́ni-méjì méje nínú ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì wọ ogún àkọ́kọ́ láyé nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Iwájú nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń gba ẹlẹ́ni-méjì.

Sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, 6–2, kò gba àlàyé púpọ̀. Odizor ti pé ọdún 24, Vilas ti ń súnmọ́ 31. Vilas lókìkí nítorí agbára ara, ṣùgbọ́n lẹ́yìn géèmù mẹ́rìndínláàádọ́ta, orúnkún tó ti ń tẹ̀ wá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun tó máa sọ.

Odizor dé ìpele kẹrin. Chris Lewis ọmọ Niu Síláńdì ló dá a dúró, Lewis náà sì lọ títí dé ìparí kí McEnroe tó nà án ní 6–2 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́dún yẹn kan náà, Odizor gba ife ẹlẹ́nìkan rẹ̀ ní Taipei, ní 1984 ó sì dé ipò 52 láyé. Máàkì tí mo fún un lórí ìdíje Vilas ga gan-an. Ìdí tí mi ò fi fún un ní gbogbo rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn, tó gba géèmù mẹ́ta péré. Ẹni tó bá jẹ́ kí irú Vilas ṣí ọjà báyẹn, ó ń dán orí rẹ̀ wò.

Máàkì tí mo fẹ́ fún àwọn tó yẹ kó mú iṣẹ́ náà dàgbà ló kéré. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí Odizor. Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ní kíláàbù tẹ́nìsì ní Èkó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Wren, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, rí i pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn, ó ràn án lọ́wọ́ dé Houston, Yunifásítì Houston sì ni ìmọ̀ ti bá ẹ̀bùn. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan, kò sí ètò ìjọba tó mú un débẹ̀. Àánú ẹnì kan ni. Àánú dára, ṣùgbọ́n kì í dúró sí ojú kan, kò sì sí ẹni tó lè fi ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Tony Mmoh, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbá tẹ́nìsì fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988. Ọmọ rẹ̀, Michael Mmoh, Amẹ́ríkà ló ń gbá a fún.

Tí ẹ bá sì ní ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò gba tẹ́nìsì, ẹ wo Félix Auger-Aliassime, ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti Tógò tó wà nítòsí wa níbí, tí bàbá náà sì jẹ́ kóòṣì. Kánádà ló gbé e jáde. Ẹ wo Frances Tiafoe, tí òbí rẹ̀ wá láti Sierra Leone, tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ìtọ́jú ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ́nìsì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí ọmọ fi dàgbà láàárín rákẹ́ẹ̀tì. Ọmọ wa ni wọ́n. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti jẹun yó.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ons Jabeur ọmọ Tùnísíà. Láti kékeré ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ti ìjọba ní El Menzah ní Tunis, tó ń kàwé, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2011 ó gba ife àwọn ọ̀dọ́ ní French Open. Ní 2022 ó di ẹni kejì láyé, ó sì dé ìparí Wimbledon lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlú tirẹ̀ ló ti dàgbà. Kò pọn dandan kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan kọjá lẹ́bàá pápá lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ní Kumasi ńkọ́? Oòrùn ò wọ́n wa, oṣù méjìlá gbáko lèèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù níta, bí òjò bá ti dá. Ilé ẹ̀kọ́ wà: Prempeh College wà, Opoku Ware wà, KNUST wà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí wọ́n wọn sáàfù ọmọdé. Nígbà inter-co, ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré! Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàbù tẹ́nìsì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù kò gùn: bó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá, àwọn ọ̀gá a sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń bá gbá a fún owó díẹ̀ lálẹ́, ó tán. Ó rí oúnjẹ jẹ, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù rọra bọ́ ọ̀gá lẹ́nu ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba póìntì lọ́wọ́ ọ̀tá.

Àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn kí wọ́n gbé kóòṣì òyìnbó wá, kí wọ́n ya fọ́tò. Owó ìdíje ni ìṣòro tó kọ́kọ́ wà níwájú. Ìdíje akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó kéré jù fún àwọn ọkùnrin, gbogbo owó ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 15,000 dọ́là, ẹni tó bá sì gba ife nìkan ló ń rí nǹkan bí 2,000 mú lọ sílé. Àjọ tẹ́nìsì àgbáyé ṣe ìwádìí lórí ọdún 2013: wọ́n rí i pé ọkùnrin tí kò bá tíì dé nǹkan bí ipò 336 láyé kò rí owó tó ná padà, kóòṣì ò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Ọmọ Kumasi tó bá ń wọ bàlúù lọ sí Túrkì tàbí Íjíbítì láti wá póìntì, gbèsè ló ń rà.

Ohun tí mo rò pé ó ṣeé ṣe wà lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò wa ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Accra, Lomé, Cotonou, Èkó: ojú títì etíkun kan ṣoṣo ló so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, àdéhùn ECOWAS sì jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyí wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn ènìyàn wa tí ìjọba Ghana lé kúrò ní Kumasi gẹ́gẹ́ bí àjèjì ní 1969 mọ̀ pé ẹnubodè lè tì; kò tíì tì báyìí. Bí àjọ tẹ́nìsì orílẹ̀-èdè mẹ́rin wọ̀nyí bá lè jókòó, kí wọ́n to ìdíje mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, ọ̀sẹ̀ kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún 17 kan láti Aboabo lè gbá ìdíje gidi fún oṣù kan gbáko pẹ̀lú owó ọkọ̀. Mi ò rí ohun tó le nínú ìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n dúró de Robert Wren mìíràn.